Ta Ló Mú Un Wá? Èrè Ẹni tí ó Mú Ayálégbé Wá fún Onílé, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìpàpó

Ìfáàrà

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti sọ jáde: bí ẹnì kan bá mú ayálégbé tuntun wá bá onílé, ṣé ó yẹ kí onílé fún un ní nǹkan? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ó yẹ, nítorí pé ẹni tí ó ṣe ni lóore, a kì í jẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn mìíràn yóò ní kò yẹ, pé oore tí a bá san owó lé lórí ti di ọjà. Ìdáhùn méjèèjì ni ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, méjèèjì ni ó fo ohun tí ó ṣe kókó. Ohun náà ni pé, kí ni onílé ń rà nígbà tí ó bá san owó yẹn? Ṣé ẹnu ẹni tí ó mú ayálégbé wá ni ó ń rà ni, àbí ọwọ́ rẹ̀?

A kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí bí amòfin tàbí bí onímọ̀ ọrọ̀-ajé. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a wo àwọn orúkọ tí Yorùbá fún ẹni tí ó wà láàárín ẹni méjì tí kò mọ ara wọn, kí a wo iṣẹ́ tí àṣà gbé lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́, kí a sì fi ìyẹn yẹ ọ̀rọ̀ owó ilé wò.

Inú ẹbí wa ni ìbéèrè náà ti dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ní ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Ìpàpó, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ní Òkè-Ògùn. Ìpàpó kì í ṣe ìlú tí àwọn ayálégbé ń wọ́ lọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, ọmọ ìlú kò sì ní gba yàrá nígbà tí ilé baba rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ń wá yàrá ni tíṣà tí ìjọba gbé wá, òṣìṣẹ́ ìlera, àgùnbánirọ̀, awakọ̀, àti oníṣòwò tí ó wá ra ọjà oko. Nítorí náà, yàrá lè ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù, ilé tí kò sì sí ènìyàn nínú rẹ̀, ikán àti eku ni í gbà á. Ní àkókò tí a ń sọ yìí, yàrá mẹ́rin ni ó ṣófo nínú mẹ́wàá. Ìyá kan tí ó ń ránṣọ lójú títì gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì mú tíṣà kan wá. Tíṣà náà wo yàrá, ó fẹ́ ẹ, ó san owó ọdún kan. Inú bàbá dùn. Ó ka owó díẹ̀, ó nà án sí ìyá aránṣọ. Ìyá náà fà sẹ́yìn, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún mi lówó. Bí mo bá gba owó yìí lónìí, tí ẹni yìí bá sá lọ lọ́la, èmi ni ẹ óò mú.”

Ọmọ bàbá náà kan tí ó ń gbé ní Ìbàdàn wà níjokòó lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì yà á lẹ́nu. Ní ibi tí òun ń gbé, ejẹ́ntì kì í kọ owó. Bí ejẹ́ntì bá sì ti gba tirẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti parí láàárín òun àti onílé, ó ti parí láàárín òun àti ayálégbé pẹ̀lú. Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ di méjì. Lójú aránṣọ Ìpàpó, gbígba owó ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹrù. Lójú ejẹ́ntì Ìbàdàn, gbígba owó ni òpin ẹrù. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti wá ni a óò máa wá kiri nínú ìyókù iṣẹ́ yìí.

Alárenà, onígbọ̀wọ́ àti alágbàtà

Yorùbá ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìdí nìyí tí àlejò fi nílò ẹni tí yóò máa bá a wo ìlú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé ìlú pàápàá kò rí àlejò dáadáa. Onílé tí àlejò wá bá kò mọ ibi tí ó ti ń bọ̀, kò mọ ohun tí ó lé e kúrò níbẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá yóò san gbèsè. Ẹni tí ó wà láàárín ni ó ń ya ojú fún àwọn méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni alárenà. Nínú ìgbéyàwó àtijọ́, alárenà ni ó ń wádìí ìdílé, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ni ó sì ń mọ ohun tí a kò lè fi ẹnu ara ẹni béèrè. N. A. Fadipe, tí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní ọdún 1939, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1970, kò fo alárenà dá nígbà tí ó ń ṣàlàyé ìgbéyàwó. Alárenà ń gba ẹ̀bùn, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ènìyàn a máa pa òwe pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀bá, wọ́n a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí pé iṣẹ́ alárenà ti parí nìyẹn. Ó dàbí ẹni pé ìtumọ̀ yìí ti yá jù. Yíyẹ̀bá kì í ṣe lílọ. Ẹni tí ó yẹ̀bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí ìjà bá sì dé láàárín ọkọ àti aya, òun náà ni a óò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè.

Èkejì ni onígbọ̀wọ́. Kò ṣòro láti rí ‘gbà’ àti ‘ọwọ́’ nínú orúkọ yìí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, mẹ́nu kan onígbọ̀wọ́ níbi tí ó ti ń ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà: láàárín olówó àti ẹni tí ó yá owó ni onígbọ̀wọ́ dúró, òun ni olówó sì ń wò. Bí ayáwó bá kọ̀ láti san, ọ̀nà ilé onígbọ̀wọ́ ni ẹsẹ̀ olówó yóò mọ̀. Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ kò kú. Ó wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ títí di òní, níbi tí ẹni tí ó fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ mú ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò dúró fún un wá. A ṣe àkíyèsí pé orúkọ yìí kì í rọrùn lẹ́nu. Bí a bá sọ fún ènìyàn pé, “Ìwọ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀,” ìdí ẹni náà kò ní jókòó dáadáa mọ́ lórí àga.

Ẹ̀kẹta ni alágbàtà, tí ó ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, tí ó sì ń tà á. Èrè tirẹ̀ wà lórí ọjà. Bí ọjà bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó sì ti wọlé, kò sí ẹni tí ó ń retí rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ rere ni. Ọjà tí kò ní alágbàtà yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n iṣu àti àgbàdo ni alágbàtà ń tà. Iṣu kì í jókòó sínú ilé ẹni tí ó rà á fún ọdún mẹ́ta kí ó sì máa bá aládùúgbò jà.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè fojú sí. Nígbà tí iṣẹ́ wíwá yàrá fún ènìyàn di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ní àwọn ìlú ńlá, orúkọ mẹ́ta ni ó ti wà nílẹ̀ tí a lè pe ẹni tí ó ń ṣe é, a kò sì lo ọ̀kankan. Ejẹ́ntì ni a ń pè é, ọ̀rọ̀ tí a yá. A kò rò pé àìmọ èdè ni ó fà á. Kò ṣe é pè ní alárenà, nítorí pé kì í wádìí ìdílé. Kò ṣe é pè ní onígbọ̀wọ́, nítorí pé kì í dúró fún ẹnikẹ́ni. Alágbàtà ni ó súnmọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ojú ti èdè láti pe ènìyàn ní ọjà.

Ilẹ̀ oko àti ìṣákọ́lẹ̀

Kí a tó máa gba owó ilé ní Òkè-Ògùn, a ti ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ‘ta ló mú un wá’ ti ní gbòǹgbò jù lọ, nítorí náà a óò dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Àlejò tí ó fẹ́ dáko kì í ṣàdédé wọ inú igbó lọ. Yóò wá ẹni tí ìlú mọ̀, ẹni náà ni yóò sì mú un lọ sọ́dọ̀ baálé tàbí olórí ìdílé tí ó ni ilẹ̀. Wọn óò gbé obì àti ọtí dání. Wọn óò béèrè orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti iye ọdún tí ó fẹ́ lò. Bí a bá fún un ní ilẹ̀, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún nínú ohun tí ilẹ̀ bá mú jáde: iṣu, ọkà, epo, tàbí owó ní ìgbà tí owó ti wá gbòde. P. C. Lloyd, nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1962, jẹ́ kí ó yé wa pé ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe iye owó ilẹ̀ gan-an ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó gbé iṣu wá ń sọ pé, “Mo ṣì mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀.” Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá sẹ́ onílẹ̀ fi lè pàdánù ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti san gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó san.

Kí ni ẹni tí ó mú àlejò náà wá ń gbà? Ó ń jẹ nínú obì, ó ń mu nínú ọtí. Bí àlejò náà bá kórè dáadáa, yóò rántí rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni, lójú ẹni tí ó ń fi owó wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní jáde mọ́. Bí àlejò bá dá iná sun oko olóko, bí ó bá bá aya ẹlòmíràn lò pọ̀, bí ó bá sá lọ ní ìgbà tí ìṣákọ́lẹ̀ tó san, wọn óò béèrè pé ta ló mú un wá. Èrè rẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìkórè, ní ọdọọdún tí ohun gbogbo bá lọ déédéé. A bẹ̀ yín kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sórí rẹ̀.

Òfin mìíràn tún wà tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gidi. Ayálẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò kò gbọdọ̀ mú àlejò mìíràn wá sórí ilẹ̀ láìjẹ́ pé onílẹ̀ mọ̀. Ní ìlànà àṣà, ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mímú ènìyàn wá jẹ́ agbára, àṣà kò sì fi agbára náà sílẹ̀ lásán fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹnu. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1978 mú kí àwọn kan rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti parí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu ní ọdún 1991, sọ pé òfin náà kò pa àjọṣe onílẹ̀ àti ayálẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó rántí Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ní ọdún 1981, àti láti ọdún 1997 títí di ọdún 2000. Ìṣákọ́lẹ̀ wà nínú ohun tí ó dá ìjà yẹn sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan.

Ọ̀nà ti Sábó

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó so èrè mọ́ ẹrù. Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù tí a mọ̀ wà ní ìlú Ìbàdàn, ní Sábó, àdúgbò tí a dá sílẹ̀ fún àwọn Hausa ní ọdún 1916. Abner Cohen ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1969. Oníṣòwò tí ó da màlúù wá láti òkè ọya yóò wọ̀ sí ilé màígidá rẹ̀. Màígidá kò gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni yóò bá a wá alápatà tí yóò ra ẹran, àwìn ni a sì sábà ń tà á. Oníṣòwò kò mọ alápatà, alápatà kò mọ oníṣòwò. Màígidá ni ó mọ àwọn méjèèjì, òun ni ó sì dúró fún gbèsè náà. Bí alápatà kò bá san, màígidá ni yóò san án láti inú àpò ara rẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi ń gba owó tí Hausa ń pè ní la'ada lórí ẹran tí a bá tà.

Àwọn kan nínú wa lè fẹ́ so ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ láádá tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń retí lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó yẹ kí a ṣọ́ra. Hausa ní lada, tí ó jẹ́ èrè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni láádá tiwa súnmọ́. La'ada ti ọjà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìdí rẹ̀ nínú èdè Lárúbáwá sì ń tọ́ka sí ohun tí ó ti di àṣà. Ó dùn mọ́ wa pé owó alágbàtà ń jẹ́ àṣà lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbà jù lọ.

Ní Sábó, ẹni kan náà ni onílé, alágbàtà àti onígbọ̀wọ́. Ó lè dàbí ẹni pé èyí jìnnà sí ọ̀rọ̀ aránṣọ wa, nítorí pé kì í ṣe owó ilé ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ mú jáde ni pé èrè àti àdánù ń lọ sí àpò kan náà. Kò sí ẹni tí ó bínú sí màígidá pé ó gba la'ada, nítorí pé gbogbo ọjà mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí alápatà bá sá.

Ejẹ́ntì àti ohun tí òfin lè ṣe

Ó wọ́pọ̀ ní Èkó àti ní Ìbàdàn kí ayálégbé tuntun san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọdún fún ejẹ́ntì, kí ó sì tún san irú rẹ̀ fún ìwé àdéhùn. Àwọn oníṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1975 lórí iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ wà nínú wọn. Ẹni tí kò ní ju fóònù àti bàtà lọ náà wà níbẹ̀. A kò fẹ́ bú ejẹ́ntì. Rínrìn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, oòrùn sì ń pa á. Àlébù náà wà nínú ìlànà tí a fi ń san owó fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń gbà á, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń gbà á, ayálégbé tí kò rán an níṣẹ́ ni ó sì ń san án. Nítorí náà, ayálégbé tí ó pẹ́ nínú ilé kò ṣe é láǹfààní kankan. Èyí tí ó bá tètè kó jáde ni ó dára fún un, nítorí pé yàrá náà yóò tún dọjà. Onílé fẹ́ kí ẹni dáadáa jókòó pẹ́, ayálégbé fẹ́ ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ sí, ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ sì ń jèrè nínú kí ìdè náà tètè já.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí apá kan nínú ìṣòro yìí. Ní Jámánì, láti oṣù Kẹfà ọdún 2015, ẹni tí ó bá rán ejẹ́ntì níṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2019 kò jẹ́ kí a gba ọ̀pọ̀ jù lọ irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé mọ́. Ìlú New York ṣe òfin tí ó jọ ti Jámánì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Nílé wa níhìn-ín, òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Gbogbo òfin wọ̀nyí dára, wọ́n sì gba ẹrù kúrò lórí ẹni tí kò ní agbára. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ni ẹni tí yóò san owó, tàbí iye tí a lè san. Wọn kò sọ ohun tí ẹni tí ó gba owó jẹ onílé àti ayálégbé. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ onílé lè parọ́ fún ayálégbé bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ayálégbé ṣe ń parọ́ fún onílé.

Ọ̀rọ̀ Ìpàpó

Kí a wá padà sí ilé oníyàrá mẹ́wàá. Kí a sọ pé yàrá kan jẹ́ ₦5,000 lóṣù, ìyẹn ₦60,000 lọ́dún. Bí yàrá náà bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ₦15,000 ti wọmi. Onílé tí ó bá fi ₦5,000 dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá a mú ayálégbé wá lọ́la dípò oṣù mẹ́ta sí i, kò pàdánù. Nítorí náà, àwọn tí ó ní kí onílé má ṣe san nǹkan kan, nítorí pé owó yóò ba ìfẹ́ ará ìlú jẹ́, ń fi ẹ̀tọ́ ẹni kékeré ṣe ìwà rere fún ẹni ńlá. Ìyá aránṣọ fi àárọ̀ kan sílẹ̀ láìrán aṣọ. Onílé ni ó jèrè. Àpò onílé sì ni èrè ìyá náà ti yẹ kí ó jáde, kì í ṣe àpò tíṣà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n nígbà wo? Níbí ni ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti padà wọlé. Bí a bá san ₦5,000 náà lọ́jọ́ tí tíṣà wọlé, ẹnu ni a rà. Ẹni tí ó nílò owó lọ́jọ́ náà yóò gbàgbé láti sọ pé tíṣà jẹ gbèsè ní ìlú tí ó ti kúrò. Bí a bá sọ fún aránṣọ pé kí ó ṣe onígbọ̀wọ́ ní kíkún, kí ó san ₦60,000 bí tíṣà bá sá, ọwọ́ ni a rà, ṣùgbọ́n a ti rà á ní ọ̀pọ̀ jù, ìnira ìwọ̀fà ni a sì fẹ́ jí dìde. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò gba ₦5,000 kí ó fi ₦60,000 dúró. Ohun tí ìyá náà rí nìyẹn tí ó fi fà sẹ́yìn, a sì gbà pé ó mọ ìṣirò ju ọmọ bàbá tí ó ń gbé Ìbàdàn lọ.

Ọ̀nà tí ó kù ni kí èrè náà pẹ́ kí ó tó jáde, kí ó jẹ́ pé ìgbà tí ayálégbé bá ti lo ọdún kan láìsí gbèsè, tàbí tí ó bá san ti ọdún kejì, ni onílé yóò mú un wá. Bí ayálégbé bá sá, ẹni tí ó mú un wá pàdánù èrè rẹ̀, kò sì pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu rẹ̀ kò ju èrè rẹ̀ lọ. Láàárín àkókò náà, yóò wù ú láti sọ òtítọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, láti yà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti láti parí ìjà kékeré kí ó tó di ẹjọ́. Ohun tí alárenà ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá ní èyí kò lè ṣeé ṣe ní Èkó, a kò ní bá a jiyàn. Ní Èkó, onílé lè má mọ ibi tí yóò ti rí ejẹ́ntì rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ní Ìpàpó, ojoojúmọ́ ni ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ.

A kò gbọdọ̀ fi ojú fo ibi tí ọ̀nà yìí ti lè ṣìnà. Ẹni tí èrè rẹ̀ dá lórí pé kí ayálégbé má ṣe sá yóò máa mú àwọn tí ó mọ̀ dáadáa wá, àwọn tí ó sì mọ̀ dáadáa ni ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ ìjọ rẹ̀ tàbí ọmọ mọ́sáláṣí rẹ̀. Àgátú tí ó wá ṣiṣẹ́ oko, Fúlàní tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, opó tí ó ti ìlú òkèèrè wá, ta ni yóò mú wọn wá? Ìbéèrè yìí ti le sí i ní ọdún àìpẹ́ yìí. Nígbà tí a kọlu Igangan ní Ìbàràpá ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí a pa ènìyàn tí a sì jó ilé, ìbẹ̀rù náà kò dúró sí Ìbàràpá. Àmọ̀tẹ́kùn ti wà láti ọdún 2020, àwọn olórí àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ onílé pé ta ló mú ayálégbé rẹ̀ wá. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fi ń gba àlejò sílé náà ni a lè fi lé e lọ. Àgùnbánirọ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ìjọba ni ó mú un wá. Ẹni tí kò ní ìjọba lẹ́yìn, tí kò ní ìbátan níwájú, ni ọ̀nà ti dí mọ́.

Àṣà àtijọ́ ní èsì fún èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ń tẹ̀ lé e. Àlejò tí kò ní ẹnìkankan a máa lọ taara sí ọ̀dọ̀ baálé, baálé a sì di ẹni tí ó mú un wá. Bí àwọn olórí àdúgbò bá fẹ́ máa béèrè ‘ta ló mú un wá’, ó yẹ kí àwọn náà gbà láti jẹ́ ìdáhùn fún ẹni tí kò ní ìdáhùn. A kò rí ìdí tí onílé kò fi lè fún wọn ní èrè kan náà ní àkókò kan náà.

Ní ti bàbá wa, kò fi ipá mú aránṣọ gba owó náà. Ó dá a padà sínú àpò, kò sì sọ nǹkan kan. Tíṣà náà lo ọdún rẹ̀ pé. Ó jẹ owó oṣù kan lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ó ń san ti ọdún kejì ní díẹ̀díẹ̀, ìyá aránṣọ ni ó sì lọ bá a sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nígbà tí owó náà pé, bàbá ní kí àwọn ọmọ gbé iṣu mẹ́fà àti owó díẹ̀ tí a dì sínú ewé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò fà sẹ́yìn. Ó gba iṣu, ó tú ewé, ó ka owó náà lójú àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, kí wọ́n sì sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn tí ó ń wá yàrá, òun yóò kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀ ní ìlú tí ó ti ń bọ̀.